Ọ̀já Tí Màmá Àgbà Tú

"Mí kanlẹ̀," ni Màmá Àgbà wí. Mo mí kanlẹ̀, wọ́n fa ọ̀já náà, ó fún mọ́ mi lára. Wọ́n ti tẹ ọwọ́ òsì mi mọ́ ìhà, ọ̀já gba orí rẹ̀ kọjá, ó yí mi lẹ́yìn ká, wọ́n sì so ó ní kókó lápá ọ̀tún. Ó ń rùn fún káfúrà, torí inú àpótí ni wọ́n ti ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ọ́. Ọwọ́ tiwọn ń rùn fún òrí, bó ṣe máa ń rí lọ́wọ́ onídìrí. Ọ̀já tí wọ́n fi pọn bàbá mi ni. Mo dúró láàárín ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn ní Àtàn, ọkọ̀ àjàgbé ń lọ sí Ìdíròkò lójú títì, ilẹ̀ ń gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀ mi.

"Ṣé ó ń dùn ẹ́?"

"Rárá, mà."

"Ó dáa. Ìyẹn á sinmi. Èyí tó kù á kọ́ṣẹ́."

Ọlọ́wọ́ òsì ni mí. Ẹ̀yin náà ẹ mọ ohun tí ìyẹn jẹ́ láàárín wa. A kì í fọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni, a kì í fi gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà, ọmọ tó bá sì fi bu oúnjẹ sẹ́nu, ìyá rẹ̀ ni wọ́n máa bú. Ní iléèwé tí mò ń lọ ní Sàngó, tíṣà wa ò fẹ́ rí i lórí ìwé pẹ̀lú. Etí rúlà ni wọ́n fi máa ń gbá mi ní oríkèé ìka. Ó dé ibi tí mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ sórí ẹní, èmi tí mo ti fi í sílẹ̀ tipẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kan mo di férémù ilẹ̀kùn mú, mo ní mi ò lọ mọ́. Bàbá mi fà mí, ìyá mi fà mí, mi ò jẹ́ kọ́wọ́ mi já. Òsì ni mo fi dì í mú, òun ló lágbára jù.

Yàrá kan ṣoṣo la ń gbé nígbà náà, lẹ́bàá ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń yọ́ irin, níbi tí bàbá mi ti ń ṣiṣẹ́. Kò sí ohun tí wọ́n sọ tí mi ò gbọ́. Ìyá mi ní kí wọ́n wá iléèwé mìíràn fún mi. Bàbá mi ní èwo nínú wọn ni kò ní nà mí? Ìyá mi ní kí wọ́n jẹ́ kí òun máa kọ́ mi nílé.

"Ìgbà wo?" ni bàbá mi bi wọ́n. "Ìwọ tó o ti ń jáde kílẹ̀ tó mọ́, ilé iṣẹ́ bisikíìtì ló ń rí ẹ ju èmi lọ. Kí ọmọ mi jókòó sílé kó má lọ síléèwé? Kí làwọn ará ilé á máa pè mí?"

Ẹ̀rù ló ń bà wọ́n. Àwọn fúnra wọn ò kàwé jìnnà. Bí wọ́n bá dé ẹnu ọ̀nà ilé iṣẹ́, tí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ń kọ orúkọ, àtàǹpàkò ni bàbá mi máa ń tẹ̀ ní tiwọn. Wọn ò fẹ́ kí tèmi rí bẹ́ẹ̀, ohun tó ń mú wọn jágbe nìyẹn.

Màmá Àgbà, ìyá bàbá mi, ló parí ìjà náà. Wọ́n wá kí wa lọ́jọ́ ìsinmi kan, wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọ́n rí bí ìka ṣe wú.

"Hùn-ún! Ẹ gbé e fún mi," ni wọ́n wí. "Mo kàwé dé ìwé mẹ́fà, mi ò tíì gbàgbé gbogbo ẹ̀. N óò máa kọ́ ọ nílé. Ọwọ́ ọ̀tún yẹn á ṣiṣẹ́, àmọ́ ẹnikẹ́ni ò ní nà án."

Bàbá mi rò ó títí. Wọ́n ní ó dáa, ṣùgbọ́n táàmù kan péré. Tí táàmù náà bá parí tí mi ò lè kọ orúkọ ara mi kó ṣeé kà, iwájú tíṣà yẹn ni mò ń padà sí.

Bí mo ṣe dé Àtàn nìyẹn, tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ onídìrí di iléèwé mi. Láàárọ̀ mo máa ń fọwọ́ kan gbálẹ̀, Ọlọ́run nìkan ló mọ irú ilẹ̀ tí mò ń gbá. A ó mu ògì, a ó jẹ àkàrà, oníbàárà á bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Wọ́n á jókòó sórí ẹní láàárín orúnkún Màmá Àgbà, èmi á wà lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, síléètì lórí itan. Òòyà á máa gba inú irun kọjá, ẹ̀rọ tí ń lọ ẹ̀gẹ́ á máa pariwo nílé kejì. Inú irun ni mo ti mọ ìṣirò.

"Ìlà mélòó ni mo ti dì?"

"Mẹ́rin, mà."

"Tí mo bá fẹ́ kó pé mẹ́wàá ńkọ́?"

"Ó ku mẹ́fà."

"Káre, Àbẹ̀kẹ́ mi."

Ìwé ABD àtijọ́ kan wà níbẹ̀ tí eku ti jẹ etí rẹ̀. Mo máa ń kà á sókè, oníbàárà náà á sì bá mi dá sí i. Kíkà ò nira fún mi rárá. Ibi ìkọ̀wé ni wàhálà wà. Ọ̀tún mi ò gbọ́ ohun tí mò ń sọ fún un. Ṣọ́ọ̀kì ń kán, lẹ́tà ń wó lu ara wọn bí ọ̀mùtí. Màmá Àgbà á ní, "Ó ń bọ̀, ó ń bọ̀," àmọ́ mò ń rí i lójú wọn pé kò bọ̀ níbì kankan. Táàmù sì ń lọ. Bí ọkọ̀ bá ti dúró lójú títì báyìí, mo máa rò pé bàbá mi ló dé.

Ọjọ́ kan ni obìnrin kan wá dirun, ó ní pàtẹ́wọ́ lòun fẹ́, irun tí wọ́n máa ń dì láti ọ̀tún àti láti òsì kó wá pàdé láàárín orí. Wọ́n dì í dé ìdajì, òrí tán, Màmá Àgbà wọlé lọ mú òmíràn. Ọ̀já ti dẹ̀ lára mi. Mi ò mọ ìgbà tí mo yọ ọwọ́. Mo ṣáà rí i pé mo ti wà nílẹ̀, mo ti mú òòyà onírù, mò ń fi ìdí rẹ̀ ya orí obìnrin náà sínú iyanrìn etí ọ̀dẹ̀dẹ̀, gbogbo ìlà rẹ̀, láti ọ̀tún, láti òsì, títí wọ́n fi pàdé. Mo wá kọ orúkọ mi sábẹ́ rẹ̀. Ó dúró ṣánṣán, kò sí lẹ́tà kan tó wọ́.

"Yéè!" ni obìnrin náà ké. "Màmá, ẹ wá wò ó o! Òsì ló fi ń kọ ọ́!"

"Mo ti rí i," ni Màmá Àgbà wí lẹ́yìn mi.

Kíá ni mo fi ọwọ́ pamọ́ sẹ́yìn. Mò ń retí ìgbájú. Wọ́n ń wo orúkọ mi nílẹ̀, òrí ń yọ́ lọ́wọ́ wọn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀, orúnkún wọn ró kẹ̀kẹ̀.

"Mú ọwọ́ wá."

Mo na ọ̀tún.

"Kì í ṣe ìyẹn."

Mo na òsì. Wọ́n fi òrí pa á níbi tí ọ̀já ti fún un, wọ́n tú kókó náà, wọ́n ká ọ̀já jọ sí itan ara wọn. Omijé ti lé sí wọn lójú.

"Báyìí gan-an ni bàbá rẹ ṣe máa ń kọ ọ́," ni wọ́n wí, "kí n tó fi ọ̀já yìí kan náà dè é."

Mi ò mọ̀ rí. Ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ fún mi, lójú oníbàárà, pé bàbá mi ló mọ̀wé jù nínú gbogbo ọmọ táwọn bí. Àwọn de ọwọ́ rẹ̀ nílé, tíṣà nà án níléèwé, nígbà tó dé ìwé mẹ́rin ó ní orí òun ò gbàwé, ó jáwọ́. Àwọn náà sì gbà fún un pé orí rẹ̀ ò gbàwé lóòótọ́. "Mo rò pé mò ń kọ́ ọ lẹ́kọ̀ọ́ ni," ni wọ́n ń sọ ṣáá. "Mo rò pé ẹ̀kọ́ ni."

Láti ọjọ́ náà, òfin yí padà. Òsì ni ti síléètì. Ọ̀tún ni ti oúnjẹ, òun náà ni ti gbígba nǹkan lọ́wọ́ àgbà. Bí oníbàárà bá wọlé, mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀, kí n kúnlẹ̀ kí wọn, kí n fọ̀tún gba báàgì wọn, kí n tó padà sídìí ìwé. Tí mo bá ṣèèṣì fi òsì gbà á, Màmá Àgbà á jágbe, "Ti síléètì nìyẹn!" Gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ á bú sẹ́rìn-ín.

Kì í ṣe pé àwọn èèyàn dákẹ́ o. "Màmá, ẹ̀yin náà! Ọmọ obìnrin! Tó bá délé ọkọ ńkọ́?"

"Ẹ fọwọ́ kan orí yín," ni Màmá Àgbà á wí. "Ọwọ́ wo ni mo fi dì í?"

"Ẹ̀n-ẹ́n, méjèèjì ni."

"Ṣé ẹ rí i pé tòsì ń tú ni? Ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, lọ́wọ́ fi ń mọ́. Ẹ tẹ orí yín ba, ẹ jẹ́ kí n ríbi dì."

Nígbà tí táàmù parí, bàbá mi dé. Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni, òórùn irin ò kúrò lára aṣọ wọn bó ti wù kí wọ́n fọ̀ ọ́ tó. Wọ́n dọ̀bálẹ̀ fún ìyá wọn, wọ́n mu omi, wọ́n ní, "Ó dáa. Ó yá, kọ ọ́ kí n rí i." Mo wo Màmá Àgbà. Wọ́n mi orí sí mi. Mo fi òsì mú bírò.

"Màmá?" ni bàbá mi wí.

"Jẹ́ kó kọ ọ́ tán."

Mo kọ orúkọ mi. Mo kọ orúkọ bàbá mi sábẹ́ rẹ̀, mo kọ Àtàn. Ó mọ́ gaara. Bàbá mi wò ó, wọ́n tún un wò. "Òsì. Ẹ̀yin lẹ jẹ́ kó fòsì kọ̀wé. Ẹ̀yin, Màmá!" Mo ní ó ti parí fún mi, rúlà ló kàn.

Màmá Àgbà wọlé, wọ́n mú ọ̀já jáde, wọ́n gbé e lé bàbá mi lẹ́sẹ̀. "Mo ti fi de ẹnì kan rí," ni wọ́n wí. "Mi ò lè fi de ẹlòmíì mọ́. Ọmọ mi, jọ̀ọ́, má bínú sí mi. Àìmọ̀ ni."

Mi ò rí kí àgbà bẹ ọmọ rẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Bàbá mi ń fi ìka ra etí ọ̀já náà. Wọ́n wá mú bírò. Ọ̀tún ni wọ́n kọ́kọ́ fi mú un. Wọ́n wá pààrọ̀ ọwọ́. Wọ́n kọ orúkọ tiwọn sábẹ́ èyí tí mo kọ, ó pẹ́ kó tó parí, lẹ́tà ńláńlá bíi tọmọdé ni, ṣùgbọ́n kò gbọ̀n.

"Ó ṣì wà níbẹ̀," ni bàbá mi wí. Wọn ò wo ẹnì kankan nínú wa.

Mi ò padà sọ́dọ̀ tíṣà yẹn. Ọdún kan sí i ni mo lò lọ́dọ̀ Màmá Àgbà kí wọ́n tó rí iléèwé tí ọwọ́ mi ò ní jẹ́ ẹjọ́ níbẹ̀. Màmá Àgbà ti lọ sinmi báyìí. Èmi náà ti di ìyá ọmọ, Sàngó yìí náà la ń gbé. Ọmọ mi obìnrin ò ní ìṣòro ọwọ́, ariwo ni òun ò lè fara dà. Bí èrò bá ti pọ̀ ní kíláàsì, á di etí, á sì dákẹ́ jálẹ̀ ọjọ́. Èmi àti ọkọ mi rò ó síwá, a rò ó sẹ́yìn, a wá ní kó máa kàwé nílé fún ọdún yìí ná. Àwọn èèyàn ń béèrè bóyá a ò lówó iléèwé ni. Ẹ̀rù máa ń ba èmi náà, mi ò ní purọ́, mi ò sì ní kí ẹnikẹ́ni yọ ọmọ tiẹ̀ kúrò níbi tára ti tù ú. Ṣùgbọ́n kí n tó sọ pé orí ọmọ yìí ò gbàwé, mo máa ń kọ́kọ́ wò ó bóyá èmi ni mo de nǹkan mọ́ ọn lára. Ó sì ti ń sọ̀rọ̀ báyìí. Kódà ó ti ń yọ wá lẹ́nu.

Bàbá mi, tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì, ló ń kọ́ ọ ní ìkọ̀wé. Bí wọ́n bá ti kan ilẹ̀kùn, ọmọ á ju pẹ́ńsù sílẹ̀, á kúnlẹ̀, á fọ̀tún gba ẹ̀pà tí wọ́n rà bọ̀. Àwọn méjèèjì á wá jókòó sídìí tábìlì, ọmọ á mú pẹ́ńsù lọ́wọ́ ọ̀tún, bàbá mi á mú tiwọn lọ́wọ́ òsì. Èmi á máa wò wọ́n láti ẹnu ọ̀nà. Ọ̀já Màmá Àgbà wà lára mi. Àbúrò ọmọ mi yìí ni mo fi pọ̀n, ọwọ́ ìkókó náà méjèèjì sì wà níta.