Ìró Tí Ọ̀gá Ró Nídìí Ààrò

Obìnrin ni mí, àmọ́ ṣòkòtò ni mo máa ń wọ̀. Mo gé irun mi mọ́lẹ̀, mo ń de bẹ́líìtì, àwọn ará àdúgbò ń pè mí ní "Bọ̀dá Sístà", inú kì í bí mi. Bí mo ṣe rí nìyẹn. Ilé búrẹ́dì kan l'Agége ni mo ti ń ṣiṣẹ́, nídìí ẹ̀rọ tó ń tẹ fúláwà pípò. Irin méjì ló ń yí níbẹ̀. Tó bá ti gbá etí aṣọ ẹ mú, ọwọ́ ẹ ló kàn. Kò sẹ́ni tó mọ iṣẹ́ yẹn tó mi níbẹ̀, ẹ jẹ́ n sòótọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, rédíò ní àwọn aṣòfin kan l'Àbújá fẹ́ ṣòfin pé ọkùnrin tó bá múra bí obìnrin, obìnrin tó bá múra bí ọkùnrin, ẹ̀wọ̀n ni. Wọn ò tíì ṣe é o, wọ́n ṣì ń gbèrò ẹ̀ ni. Ọ̀gá wa tó ń dáná ààrò ti pariwo mọ́ mi:

"Ìwọ, pa ẹ̀rọ yẹn! Lọ ró ìró wá, àbí kó o lọ jókòó ti àwọn tó ń kó búrẹ́dì sí náílọ́ọ̀nù. Ọlọ́pàá ò ní torí ẹ kó wa."

"Ìró? Nídìí irin yìí? Ṣé ẹ fẹ́ kó lọ̀ mí mọ́ búrẹ́dì ni?"

"Má fún mi lésì!"

Mo pa ẹ̀rọ náà. Mo wò ó látòkè délẹ̀. Ooru ààrò kì í jẹ́ káwọn tó ń dáná wọ ṣòkòtò gígùn, ìró ni gbogbo wọn máa ń ró. Tiẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, àǹkárá olódòdó pupa ni.

"Ọ̀gá, ẹ má bínú o. Ìró ta lẹ ró yẹn?"

Obìnrin kan nídìí náílọ́ọ̀nù ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín: "Tìyàwó ẹ̀ ni! Ìyàwó náà ló ró o wá síbi ìsọmọlórúkọ wa!"

"Ẹ bá wa pe ọlọ́pàá o, a ti rí ìyá ààrò!" ni ẹlòmíì tún ké.

Ọ̀gá tú ìró jù sílẹ̀, ó ku ṣòkòtò péńpé. Ó fìbínú ṣílẹ̀kùn ààrò. Ooru jó o nítan, ó fò sẹ́yìn, "Yéè!", ó sáré he ìró ẹ̀.

"Tèmi, ooru ni," ló wí, kò wojú mi.

"Tèmi, ó wù mí ni. Èwo ló pa èèyàn nínú ẹ̀?"

Ó so ìró ẹ̀ le, ó yí rédíò síbi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù.

"Tan ẹ̀rọ ẹ jàre. Fúláwà ti ń wú."