Ẹ̀bùn Ayaba àti Ẹ̀gbà Ọwọ́ Ìyá Àgbà

Mo rántí ìgbà tí mo mọ ìtàn ohun ọ̀ṣọ́ àwọn obìnrin ààfin Ìlú Ọba ju bí mo ṣe mọ ìtàn ilé wa lọ. Bí ẹnikẹ́ni bá fi àwòrán ìyàwó ọmọ ọba kan hàn mí, màá sọ ẹni tó kọ́kọ́ dé adé kékeré tó wà lórí rẹ̀, ẹni tó jogún rẹ̀, ìgbà tí wọ́n yọ òkúta àárín rẹ̀ láti fi ṣe ọ̀ṣọ́ àyà, àti ìyàwó tuntun tí wọ́n yá a fún lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Mo máa ń fi èyí yangàn. Mo kọ ọ́ síhìn-ín kí ẹni tó ń kà á lè mọ irú ọlọ́gbọ́n tí mo jẹ́ nígbà náà.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì ni. Ọdún kan ni ìjọba Gánà fi ń ní kí àwọn tó bá jáde ilé ìwé sin ìlú, wọ́n sì fi mí sí iléeṣẹ́ ìròyìn kékeré kan ní Accra tó ń gbé ìròyìn sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀gá mi ní kò sí ohun tí àwọn obìnrin ń kà lójú ìwé wa tó ohun ọ̀ṣọ́ àwọn ayaba, ó sì fi iṣẹ́ náà lé mi lọ́wọ́. Mo ṣe é bí ẹni ń ṣe ìdánwò. Mo ya ohun tó jẹ́ ti ìtẹ́, tí ọba kan ń fi sílẹ̀ fún ọba mìíràn, sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tó jẹ́ ti ayaba fúnra rẹ̀, tó lè fún ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ rẹ̀ bó ṣe wù ú. Mi ò kọ gbólóhùn kan láìrí ibi tó ti wá. Bí ìwé méjì bá ta kora, mo máa ń wá ẹ̀kẹta. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mi ò yẹ̀ wò rí, ọ̀rọ̀ yẹn náà sì ni mò ń kọ jù: ẹ̀bùn. Ẹ̀bùn àwọn ọba Íńdíà. Ẹ̀bùn àwọn ará ìhà gúúsù Áfíríkà. Ẹ̀bùn àwọn ènìyàn ilẹ̀ tí Ìlú Ọba ń ṣe àkóso rẹ̀.

Nínú agboolé kan ní Nima, ní Accra kan náà, ni èmi, ìyá mi àti Ìyá Àgbà, ìyá tó bí ìyá mi, jọ ń gbé. Ìyá Àgbà kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn àwòrán. Lẹ́yìn ìrun àárọ̀, á ní kí n gbé fóònù wá kí òun wo àwọn ìyàwó òyìnbó. Ní ọjọ́ kan, ó wo ayaba kan tó wọ ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn onílà mẹ́ta, ó sì rẹ́rìn-ín títí èjí rẹ̀ fi hàn. Èjí yẹn ni ìyá mi jogún, òun náà ni mo jogún.

“Gbogbo ẹrù yìí lọ́rùn ẹnìkan! Ọrùn kò dùn ún ni?”

“Ẹ̀bùn ni, Ìyá.”

“Ta ló fún un?”

“Àwọn ọba Íńdíà ni.”

“Nígbà tí wọ́n fún un, ta ló ń jọba lé àwọn ọba náà lórí?”

Ó dá fóònù padà fún mi. “Ẹni tó bá di ọ lọ́rùn mú, tó ní kí o ta òun lọ́rẹ, ṣé o ò ní ta á lọ́rẹ ni?”

Mo ṣàlàyé fún un pé kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni a lè sọ bẹ́ẹ̀ sí, pé ó yẹ ká gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan yẹ̀ wò, ká wo ẹ̀rí. Mo ṣì gbà pé òótọ́ ni mo sọ. Ṣùgbọ́n mi ò rí ohun tó wà lọ́wọ́ ẹni tí mò ń ṣàlàyé fún. Ẹ̀gbà wúrà kan ṣoṣo wà ní ọwọ́ òsì Ìyá Àgbà, ó há mọ́ ọn lọ́wọ́ débi pé kò ṣeé bọ́. Méjì ni ó yẹ kó jẹ́.

Ìyá tó bí i ló ṣe ẹ̀gbà méjèèjì fún un nígbà tí wọ́n fẹ́ so yìgì rẹ̀, lọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ wúrà kan ní Cow Lane. Láyé ìgbà yẹn, àwọn ìyá wa tó ń ṣòwò ní Accra kì í sanwó wúrà láìfi eyín dán an wò níṣojú alágbẹ̀dẹ. Wúrà tó dára máa ń rọ̀ lábẹ́ eyín, bàbà tí wọ́n fi omi wúrà pa lára kì í rọ̀. Nígbà tó wá di ọdún tí ìjọba pàṣẹ pé kí gbogbo àjèjì tí kò bá ní ìwé kúrò ní Gánà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, Ìyá Àgbà, tó jẹ́ Yorùbá, tí wọ́n ń pè ní Alátà níbẹ̀, kò ní ìwé. Ìlú tí wọ́n bí i sí ni, ta ló ń gba ìwé láti gbé ilé ìyá rẹ̀? Ó gbọ́ pé wọ́n ń gba ohun iyebíye lọ́wọ́ àwọn èèyàn lójú ọ̀nà, ló bá fẹ́ bọ́ ẹ̀gbà méjèèjì sílẹ̀. Ti ọwọ́ ọ̀tún bọ́. Ti ọwọ́ òsì kọ̀, ó sì fi aṣọ wé e mọ́wọ́. Èyí tó bọ́ ni ó gbé fún obìnrin aládùúgbò rẹ̀, ó ní, “Bá mi tọ́jú rẹ̀, mò ń bọ̀.” Ọdún mélòó kan kọjá kí ó tó rí ọ̀nà padà. Aládùúgbò náà ń sọ pé òní, pé ọ̀la, títí ó fi kú. Ẹ̀gbà náà bọ́ sọ́wọ́ ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó ń ta aṣọ ní Mamobi, àdúgbò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa.

Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ nílẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́dún tí mò ń kọ̀wé nípa àwọn ayaba, Ìyá Àgbà rí obìnrin aláṣọ náà níbi ìsọmọlórúkọ kan, ẹ̀gbà ń dán lọ́wọ́ rẹ̀. Ó délé, kò jẹun. Ó ní ohun kan ṣoṣo ni òun fẹ́ kí òun tó kú, kí ẹ̀gbà méjèèjì pàdé ní ọwọ́ mi lọ́jọ́ tí wọ́n bá so yìgì mi. Ó ní kí n sin òun lọ sí Mamobi. “Ìwọ lo kàwé. Wàá bá mi sọ̀rọ̀.”

Ẹsẹ̀ la fi rìn ín, nítorí kò jìnnà. Obìnrin aláṣọ náà gbà wá dáadáa, ó gbé àga fún Ìyá Àgbà, ó ní kí wọ́n ra omi wá. Háúsá la sọ, èdè tí gbogbo wa jọ gbọ́. Nígbà tí Ìyá Àgbà sọ ohun tó bá wá, ojú obìnrin náà yí padà.

“Kai, Hajiya! Ìyá mi sọ fún mi pé ẹ̀bùn ni. Ẹ̀yin Alátà ń sá lọ, ẹ fún un lẹ́bùn torí pé ó ṣe yín lóore. Ẹni tó fúnni ní nǹkan, ṣé ó ń padà wá gbà á ni?”

“Mi ò fún un. Mo ní kó bá mi tọ́jú rẹ̀.”

“Ta ló wà níbẹ̀?”

“Ọlọ́run wà níbẹ̀.” Ìyá Àgbà na ọwọ́ òsì rẹ̀ jáde. “Wò ó, ìkejì rẹ̀ rèé. Bọ́ tìrẹ kí o wo inú rẹ̀. Ìyá mi fi eyín dán an wò kó tó sanwó. Ojú eyín rẹ̀ wà níbẹ̀, méjì, wọ́n…”

Obìnrin náà ti ń bọ́ ọ. Mo rí i. Ó ti fà á dé oríkèé àtàǹpàkò, ìtìjú díẹ̀ wà lójú rẹ̀. Ìgbà náà ni èmi ọlọ́gbọ́n já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu àgbà.

“Ìyá, ẹ jẹ́ ká ṣe é bó ṣe yẹ,” ni mo wí. “Alágbẹ̀dẹ kan lè ṣe ogún irú rẹ̀. Bí ojú eyín bá sì wà níbẹ̀, eyín kì í sọ orúkọ ẹni tó ni ín. Ṣé kò sí ìwé kankan ni? Rìsíìtì alágbẹ̀dẹ ńkọ́?”

Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Mo fẹ́ kí obìnrin náà rí i pé n kò ṣègbè. Ó rí i. Ó ti ẹ̀gbà náà padà sẹ́yìn sọ́wọ́ rẹ̀, ó fi aṣọ bò ó.

“O ṣeun, ọmọ mi,” ló wí. “Walahi, ọmọ yìí kàwé. Hajiya, ẹ gbọ́ ohun tí ọmọ yín sọ. Ẹ mú ìwé wá.”

Ìyá Àgbà dìde. Kò bá mi jà. Nígbà tí a kọjá mọ́ṣáláṣí, ó ní, “Ìwé náà ni wọ́n béèrè lọ́wọ́ mi nígbà yẹn, kí wọ́n tó lé mi.” Láti ọjọ́ náà, kò tún ní kí n fi àwòrán ayaba kankan hàn òun mọ́. Mo rò pé inú ló ń bí i, pé yóò rọlẹ̀. Mo tilẹ̀ rò pé lọ́jọ́ kan yóò rí i pé mo ṣe ohun tó tọ́. Bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà; èmi rò pé aṣọ nìkan ló wà.

Kò pé ọdún kan lẹ́yìn náà tó kú, ní òwúrọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ kan. Àwọn obìnrin tó ń wẹ òkú wá láti mọ́ṣáláṣí, wọ́n ní kí ìyá mi àti èmi bá wọn bu omi. Wọ́n ní a kò gbọdọ̀ sin ín pẹ̀lú wúrà lọ́wọ́. Ìyá mi kò lè fọwọ́ kàn án, ó ń sunkún, nítorí náà èmi ni mo fi ọṣẹ pa ọrùn ọwọ́ náà, tí mo ń yí ẹ̀gbà náà díẹ̀díẹ̀, bí ẹni pé mo lè pa á lára. Ó bọ́. Láti ọdún tí wọ́n lé e, ọjọ́ náà ni ojú kọ́kọ́ kan inú rẹ̀. Mo fi omi ṣàn án, mo sì gbé e sójú ìmọ́lẹ̀ fèrèsé.

Ojú eyín wà níbẹ̀. Méjì ni. Àlàfo kan sì wà láàárín wọn.

Mo dúró pẹ̀lú ọwọ́ ọlọ́ṣẹ, mo fi ahọ́n kan àlàfo tó wà lẹ́nu tèmi. Ọ̀rọ̀ tí mo já gbà lẹ́nu Ìyá Àgbà nìyẹn. Ojú eyín rẹ̀ wà níbẹ̀, méjì, wọ́n jìnnà síra. Èjí ìyá rẹ̀ ni ó fẹ́ sọ. Mo ti ní eyín kì í sọ orúkọ ẹni tó ni ín, bẹ́ẹ̀ inú ẹnu tí mo fi sọ ọ́ ni ẹ̀rí náà wà.

Lẹ́yìn àdúrà ọjọ́ kẹjọ, mo mú ẹ̀gbà náà lọ sí Mamobi. Mi ò bínú báyìí rí láyé mi, ṣùgbọ́n ohùn jẹ́jẹ́ ni mo fi sọ̀rọ̀. Mo ní kí obìnrin aláṣọ náà bọ́ tirẹ̀ kí a fi wọ́n wéra. Ó kí mi kú àṣẹ̀yìndè. Ó wá na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sí mi. Kò sí nǹkan níbẹ̀.

“A ti yọ́ ọ,” ló wí. “Ọmọ mi ṣègbéyàwó, a fi ṣe yẹtí àti òrùka fún un. Kí ló dé tí o ń wò mí bẹ́ẹ̀? Ṣé ìwọ kọ́ lò ń kọ ọ́ sórí fóònù? Mò ń kà á. O ní àwọn ayaba náà máa ń tú ti ìyá wọn palẹ̀ ṣe òmíràn, pé ohun ìní wọn ni.”

Òótọ́ ni. Èmi ni mo kọ ọ́.

Mo padà sí iléeṣẹ́, mo sì ṣí gbogbo ohun tí mo ti kọ. Níbikíbi tí mo bá ti rí “ẹ̀bùn”, mo yí i padà sí “wọ́n ní ẹ̀bùn ni”. Mi ò sọ pé olè ni ẹnikẹ́ni. Mi ò sọ pé wúrà Aṣáńtí tí àwọn ọmọ ogun Ìlú Ọba kó ní Kùmásì wà nínú àpótí ayaba kankan, nítorí mi ò ní ẹ̀rí rẹ̀. Mo kàn ní wọ́n ní. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ọ̀gá mi ti dá gbogbo rẹ̀ padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ó ní àwọn òǹkàwé ò fẹ́ ìjà, ọ̀ṣọ́ ni wọ́n fẹ́ wò. Nígbà tí ọdún ìsìnlú mi parí, mi ò dúró.

Ẹ̀gbà náà wà lọ́wọ́ òsì mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Mo ṣì ń bínú. Mo ti gbìyànjú láti pín ìbínú náà bó ṣe yẹ: ti aládùúgbò tó pe ìtọ́jú ní ẹ̀bùn, ti ìjọba tó béèrè ìwé lọ́wọ́ ọmọ ìlú, ti àwọn ará ààfin tí ìwé wọn pé nítorí pé àwọn fúnra wọn ló ń kọ ọ́. Bí mo ṣe pín in tó, èyí tó pọ̀ jù ń padà sọ́dọ̀ mi. Kò sí ẹni tó rán mi pé kí n dá ẹjọ́ náà. Ìyá Àgbà ní kí n bá òun sọ̀rọ̀ ni.

Mo máa ń bọ́ ẹ̀gbà náà nígbà mìíràn kí n wo inú rẹ̀. Mi ò jẹ́ kí alágbẹ̀dẹ kankan bá mi dán an, kí ojú eyín náà má baà parẹ́. Bí ẹnìkan bá tún béèrè ìwé rẹ̀, ìwé náà rèé, mo ti kọ ọ́. Ó pẹ́ kó tó dé, Ìyá Àgbà tí mo béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ kò sì mọ̀wé, ṣùgbọ́n òun ló sọ ọ́ fún mi.