Ìrọ̀lẹ́ Tí Màmá Bá Wa Lọ Gbọ́ Orin

Olórin pe ọmọ Makun ní ọmọ Ọ̀fin, gbogbo àwa tá a wà nídìí tábìlì sì gbójú sókè. Àlejò lè ní, "Kí ló wà nínú ìyẹn? Ṣé kì í ṣe Ṣàgámù kan náà ni?" Rárá o. Ìlú púpọ̀, Makun àti Ọ̀fin pẹ̀lú, ló para pọ̀ di Ṣàgámù, oníkálukú sì mọ ibi tí baba rẹ̀ ti wá. Bí o bá gbé òkú ìlú kan fún ìlú kejì, o ti yọ ọ́ kúrò nílé baba rẹ̀ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n tò ó bó ṣe yẹ. Lẹ́yìn tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí í mú àwọn àlejò rìn káàkiri ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, kí wọ́n lè rí ibi tí àwọn òǹkọ̀wé wa gbé. A máa ń yà sí ṣọ́ọ̀bù ìwé àtijọ́ kan ní Sábó, láàrin àwọn ìsọ̀ olóbì. A ó dúró níwájú ilé òǹkọ̀wé kan ní Makun, lẹ́yìn náà a ó lọ jókòó gbọ́ orin ní gbàgede kan nítòsí Intashénjì, ìkòríta ọ̀nà márosẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀ pé Tíṣà kò lè rí èèyàn mẹ́ta kó má tò wọ́n sórí ìlà.

Òǹkọ̀wé Makun yìí, Àkànní, ti kú. Láti ìgbà náà, ìyàwó rẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá, kò jáde lọ síbi ìgbádùn kankan. Ojú fèrèsé ló ti máa ń kí wa. Lọ́jọ́ yìí, mo ní:

"Màmá, ẹ bá wa lọ gbọ́ orin díẹ̀."

"Tíṣà, kí ni arúgbó ń wá nídìí gìtá?"

"Ohun tí àwa náà ń wá ni."

Ó rẹ́rìn-ín, ló bá wọlé lọ mú ìborùn rẹ̀.

Mo ti sọ fún Kàmọ́rù olórin pé ìyàwó olóògbé ń bọ̀. Bí a ṣe jókòó sí gbàgede náà, òun náà fẹ́ yẹ́ ẹ sí, ló bá gbóhùn sókè: "Àkànní ọmọ Ọ̀fin, sùn-ún re o!"

Màmá fa ìborùn rẹ̀ mọ́ra. Mo rò pé ilé ló ń lọ, pé kò tún ní jáde mọ́ láé. Mo dìde láti tún ọ̀rọ̀ náà ṣe. Ó fọwọ́ bà mí lápá.

"Ẹ jókòó, Tíṣà. Èmi ni mo fẹ́ Àkànní."

Ó kọjú sí olórin. "Ìwọ ọmọ yìí, ọmọ ibo ni ọ́?"

Kàmọ́rù ti dọ̀bálẹ̀. "Ẹ má bínú, Màmá. Ọmọ Ọ̀fin ni mí. Ẹnu mi ló gbé wọn lọ sílé wa."

"Mo mọ̀! Ẹni rere kì í wu yín kẹ́ ẹ má gbé e!"

Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín.

Nílẹ̀ wa, ìyàwó ilé sábà máa ń mọ oríkì ilé ọkọ ju ọmọ ilé lọ. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí ọkọ rẹ̀ ti kú, Màmá kò kì í rí. Ó di ẹ̀yìn àga mú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kì í:

"Àkànní, ọmọ Makun. Ọkọ mi tó ń fi òru kọ̀wé, tó ń fi òwúrọ̀ bi mí pé, 'Ṣé ó dùn?' Ó dùn, Àkànní. Ó dùn."

Kàmọ́rù rọra ń fi gìtá tẹ̀ lé e. Nígbà tí Màmá dánu dúró, ọmọkùnrin náà gbọ́wọ́ kúrò lára okùn.

"Máa ta á lọ, ọmọ mi," Màmá wí. "Mi ò tíì kì í tán."