Oògùn Ọ̀fẹ́ fún Kọ̀ǹpútà Bàbá

N kì í gba nǹkan ọ̀fẹ́. Bí wọ́n ṣe bí mi nìyẹn. Bí ẹnì kan bá fún mi ní ọsàn tí n kò tọrọ, màá kọ́kọ́ yí ọsàn náà wò yíká kí n tó dúpẹ́. Ilé ọlọ́jà ni wọ́n bí mi sí ní Kẹ́mta, ilé tí wọ́n ti ń ná aṣọ láti àárọ̀ dalẹ́, mo sì ti rí i láti kékeré pé ẹni tó bá ní "gbà á, ọ̀fẹ́ ni" ní ohun tó ń wá. Nítorí náà, nígbà tí ọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ àbúrò mi sọ pé òun ní oògùn tí yóò wo kọ̀ǹpútà wa sàn láìgba kọ́bọ̀, inú mi ò dùn. Àyà mi já ni.

Ẹ jẹ́ n sọ bí kọ̀ǹpútà ṣe dé ilé wa ná. Ó kù díẹ̀ ká bọ́ sí ọdún 1990. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó ń gbé nílùú òyìnbó ló fi í ránṣẹ́ nínú páálí ńlá. Olùkọ́ ni mí, ó ní kí n máa fi tẹ ìdánwò àwọn ọmọ ilé ìwé mi. A gbé e sí pálọ̀ Bàbá, a fi àdìrẹ bò ó kí eruku má baà wọ inú rẹ̀. Àwọn ará àdúgbò ń wá kí wa kú oríire, bí ẹni pé a bímọ.

Àmọ́ n kò fi tẹ ìdánwò kankan. Ọ̀rọ̀ Bàbá ni mo ń fi tẹ̀. Bàbá wa fi ọ̀pọ̀ ọdún rin ilẹ̀ Hausa. Àdìrẹ tí màmá wa ń rẹ láró ló ń dì lẹ́rù, tó ń bá rélùwéè lọ láti Lafẹnwá títí dé Kánò. Màmá ti kú. Bàbá nìkan ló kù tó mọ ìrìn yẹn, Bàbá sì ti ń gbàgbé nǹkan. Ó lè fọwọ́ tán kó tún bèèrè oúnjẹ ọ̀sán. Ó lè máa wá bàtà tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá ti di ọ̀rọ̀ Kánò, ojú rẹ̀ á là, kò ní fi ẹyọ kan sílẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ìyẹn náà á lọ. Mo ní, "Bàbá, ẹ máa sọ ọ́, èmi á máa tẹ̀ ẹ́." Nírọ̀lẹ́, tó bá ti kí àsárì tán, á fẹ̀yìn ti àga, á máa sọ, èmi á máa tẹ̀ ẹ́. A ṣe é títí ó fi gùn tó ìwé. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí ẹ̀gbọ́n mi ṣèlérí rẹ̀ kò dé, nítorí náà inú kọ̀ǹpútà yẹn nìkan ni gbogbo rẹ̀ wà. Bó bá sọ nù níbẹ̀, ta ni yóò tún un sọ? Bàbá tó jẹ́ pé àárọ̀ ọjọ́ kan ló bi mí bóyá mo ti lọ́kọ?

Ọkùnrin tó ń fẹ́ àbúrò mi yìí, ọmọ Ìjẹmọ̀ ni, ṣùgbọ́n Èkó ló ti ń ṣiṣẹ́, ní ọ́fíìsì kan tí kọ̀ǹpútà pọ̀ sí. Ó wá ní ọjọ́ Sátidé kan, ó mú díísìkì kan dání tí eré wà nínú rẹ̀. Òun àti àbúrò mi jókòó síwájú ẹ̀rọ, wọ́n ń ṣe eré náà, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, èmi ń fi ojú ẹ̀gbẹ́ kan wò wọ́n. Ó lọ. Kò pẹ́ sígbà náà, mo ń tẹ ọ̀rọ̀ Bàbá lọ́wọ́ ni bọ́ọ̀lù kékeré kan yọ lójú kọ̀ǹpútà. Ẹ gbà mí! Ó ń fò láàárín ọ̀rọ̀, ó ń gbá ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, ó ń ta padà sí òsì. Lẹ́tà tó bá gba orí rẹ̀ kọjá á pòórá, á tún padà wá.

Bàbá rẹ́rìn-ín. "Kí ló ń fò yẹn? Ẹ ti ń gbá bọ́ọ̀lù nínú rẹ̀ ni?"

Èmi ò rí ẹ̀rín rín. Lẹ́tà yẹn padà wá lónìí, ta ló ní yóò padà wá lọ́la?

Nígbà tí ọmọkùnrin náà tún wá, mo pè é síwájú ẹ̀rọ, mo fi bọ́ọ̀lù hàn án. Ó gbé ọwọ́ lérí. "Ẹ má bínú, Àǹtí mi. Fáírọ́ọ̀sì ni, àrùn kọ̀ǹpútà. Ó ń ti ara díísìkì kan bọ́ sí ara òmíràn. Ó jọ pé díísìkì eré yẹn ló gbé e wá. Ẹ má tíì da ọ̀rọ̀ Bàbá kọ sórí díísìkì kankan o, ó máa bá a lọ. Àwọn kan ní oògùn rẹ̀ lọ́fíìsì wa. Ẹni tó ṣe é ń pín in lọ́fẹ̀ẹ́ ni. Màá mú un wá."

Mo wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. "Ẹni tó ṣe é, ṣé ó mọ̀ ọ́ ni?"

"Rárá, mà. Ìlú òyìnbó ló wà."

"Kí ló wá ń jẹ nídìí rẹ̀?"

Ó ní, "Bóyá inú rere ni, mà."

Inú rere! Wàlláhì, ó kù díẹ̀ kí n bú sẹ́rìn-ín. Ó gbé àrùn wá, òun náà ló tún fẹ́ gbé oògùn wá. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Ohun tí mo rò ni pé ọmọ yìí mọ̀ọ́mọ̀ kó bọ́ọ̀lù sínú ẹ̀rọ wa ni, kó lè wò ó sàn lójú Bàbá, kí Bàbá lè tètè fún un lọ́mọ. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún àbúrò mi. Ó pòṣé sí mi.

"Ẹ̀yin yìí, kò sẹ́ni tẹ́ ẹ fọkàn tán láyé."

"Mo fọkàn tán Ọlọ́run. Ó tó mi."

Ọmọkùnrin náà mú oògùn dé lóòótọ́, díísìkì dúdú pẹlẹbẹ kan tó fi bébà wé. Èmi ti ń wá ohun tí màá sọ láti fi dí i lọ́nà, àfi bí Bàbá ṣe bá mi dí i.

"Èló ni?" ni Bàbá bi í.

"Ọ̀fẹ́ ni, Bàbá."

Bàbá mi orí. "Kò ní jẹ́. Oògùn tí a kò fi nǹkan gbà kì í jẹ́."

Òótọ́ sì ni, lọ́dọ̀ tiwa. Ẹni tó bá já ewé fún ọ nítorí orí fífọ́ lásán, o gbọ́dọ̀ fi nǹkan lé e lọ́wọ́, bó ti wù kó kéré mọ, kí ewé náà tó lè ṣiṣẹ́. Bàbá ki ọwọ́ bọ àpò. Ọmọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, n kò lè gba owó lọ́wọ́ yín." Ẹ̀bi rẹ̀ kọ́ nìyẹn náà. Ọkùnrin tó ń wá ìyàwó nínú ilé kan, á wá na ọwọ́ gbowó lọ́wọ́ bàbá ìyàwó? Bí wọ́n bá gbọ́ ọ ní Ìjẹmọ̀, wọn ò ní fi í ṣẹ̀sín títí dórí ọmọ ọmọ? Bàbá ní àfi kó gbà á. Ó ní òun ò gbọdọ̀. Bàbá ní ó dáa, kí ẹnikẹ́ni má ki díísìkì yẹn bọ kọ̀ǹpútà òun. Ọmọkùnrin náà gbé e kalẹ̀ lórí tábìlì, ó bá mọ́tò Èkó lọ. Inú mi dùn. N kò ní purọ́.

Mo wá ro ọ̀rọ̀ Bàbá dáadáa. Bó bá jẹ́ pé oògùn olówó ló ń jẹ́, ẹ jẹ́ ká ra olówó. Ọkùnrin kan wà ní Òwu, ó ní ṣọ́ọ̀bù tó ti ń bá àwọn èèyàn tẹ̀wé, ó sì ti ra kọ̀ǹpútà kan síbẹ̀. Mo lọ bá a. Ó gbé díísìkì kan jáde tí wọ́n fi ọ̀rá dì, ó ní ojúlówó ni, láti òkè òkun. Mo ní wọ́n ń fún mi ní ti ọ̀fẹ́ níbòmíràn.

"Háà, mà! Ọ̀fẹ́ kẹ̀? Àwọn tó ń pín oògùn lọ́fẹ̀ẹ́ yẹn gan-an ló ń kó àrùn kiri."

Ohun tí èmi fúnra mi ti rò ni, ṣùgbọ́n bó ṣe ti ẹnu rẹ̀ jáde, kò dùn létí mi mọ́. Mo yí ọ̀rá náà wò. Gọ́ọ̀mù etí rẹ̀ ṣì ń lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́.

"Ta ló ti ṣí i?"

"Kò sẹ́ni tó ṣí i, mà. Ooru ni."

"Fi sínú kọ̀ǹpútà tìẹ kí n wò ó."

"Kò síná, mà."

Fáànù ń yí lórí wa. Mo gbójú sókè wò ó, òun náà gbójú sókè wò ó, kò sì tijú. Síbẹ̀, mo rà á. Ẹ̀rù ló rà á, kì í ṣe èmi. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó; èmi ti wò ó lókèèrè, mo tún fi ẹsẹ̀ ara mi rìn lọ bá a.

Ìgbà tí mo délé, n kò lè fi sínú ẹ̀rọ. Mo tò ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ọ̀fẹ́. Ọ̀kan wá láti ọwọ́ ẹni tó gbé àrùn wá, èkejì láti ọwọ́ ẹni tó ń purọ́ lábẹ́ fáànù. Èwo ni kí n mú? Mo kó méjèèjì sínú báàgì mi kí àbúrò mi má baà dán ọ̀kan wò lẹ́yìn mi. Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀. Àdìrẹ wà lórí kọ̀ǹpútà, a ò ṣí i. Bí Bàbá bá kí àsárì tán, á wá jókòó sáyè rẹ̀.

"Ṣé ara rẹ̀ ti yá?"

"Kò tíì yá, Bàbá."

"Ọlọ́run á fún un lálàáfíà." Á wá máa wo ojú títì. Kò pẹ́ tí kò bèèrè mọ́, á kàn jókòó, á sùn lọ. Mo rò pé ó ti sú u ni.

Níkẹyìn mo fi ti Òwu sínú rẹ̀, bìsímílà lẹ́nu mi. Ẹ̀rọ náà kùn, ó kùn, ó ní òun ò rí nǹkan kan nínú díísìkì náà. Òfìfo! Mo padà lọ bá ọkùnrin yẹn pẹ̀lú ìbínú. Ẹ mọ ohun tó sọ? Ó ní ooru ló pa á. Ohun tí mo sọ fún un lọ́jọ́ yẹn kò ṣe é tẹ̀ síbí.

Àfi ká ránṣẹ́ sí ọmọ Ìjẹmọ̀. Ó dé, ó tún dọ̀bálẹ̀. Bàbá ki ọwọ́ bọ àpò, ó mú obì kan jáde.

"Owó lo ní o ò gbà. Ṣé wàá kọ obì?"

Ọmọkùnrin náà fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó là á, ó ju awẹ́ kan sẹ́nu níbẹ̀. Ta ló ń kọ obì lọ́wọ́ àgbà? Bàbá pàtẹ́wọ́. "Ó ti jẹ́! Ẹ fi sí i." Ìyẹn ni Bàbá wa, ọlọ́jà tí kì í jẹ́ kí ọjà bàjẹ́ mọ́ òun lọ́wọ́. Inú mi dùn pé mo rí i bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Mo gbé àga tì í. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Kò tẹ bọ́tìnnì kan láìjẹ́ pé mo bi í léèrè ohun tó wà fún. Ó ń dá mi lóhùn jẹ́jẹ́, ó ń làágùn. Ẹ̀rọ náà wá inú ara rẹ̀ títí, ó ní òun ti rí àrùn náà, òun sì ti lé e. Bọ́ọ̀lù ò yọ mọ́. Mo ṣí ọ̀rọ̀ Bàbá, mo wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kò sí èyí tó dín. Mo pariwo Alihamudulilai, mo dì mọ́ àbúrò mi. Ọmọkùnrin náà ti di ọkọ rẹ̀ báyìí, ó sì ń ṣe dáadáa, ṣùgbọ́n títí dòní bó bá fún mi ní nǹkan, mo ṣì máa ń yí i wò.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn àsárì, mo sún àga Bàbá mọ́ ẹ̀rọ. Mo ní, "Bàbá, ó ti gbádùn. Ẹ jẹ́ ká máa bá ìrìn àjò lọ. Ẹ jẹ́ n ka ibi tá a dé fún yín."

Ibi tá a dé ni ìgbà tí rélùwéè dúró ní Jẹ́bà lóru, tí obìnrin kan rọbí láàárín èrò. Kò sí aṣọ mímọ́ kan. Bàbá tú ẹrù rẹ̀, ó fa àdìrẹ tó dára jù nínú iṣẹ́ ìyàwó rẹ̀ yọ, ó ní kí wọ́n fi gba ọmọ. Nígbà tílẹ̀ mọ́, obìnrin náà fẹ́ dá a padà. Bàbá ní a kì í gba aṣọ lára ọmọ tuntun. Ó tún wá ń bẹ̀rù bí òun ó ṣe sọ ọ́ fún ìyàwó nílé.

Bàbá gbọ́wọ́ lé ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó ń gbọ́. Ó rẹ́rìn-ín níbi tó yẹ kó rẹ́rìn-ín. Níbi aṣọ ọmọ, omi bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tí mo kà á tán, mo gbé ọwọ́ sórí bọ́tìnnì, mo ń dúró dè é kó máa sọ ọ́ lọ.

Ó ní, "Ọkùnrin yìí mà ṣèèyàn o. Ọmọ ibo ni?"

Mo rò pé ó ń fi mí ṣeré ni. Mo wo ojú rẹ̀ bí mo ṣe máa ń wo ojú gbogbo èèyàn, mo ń wá ẹ̀rín tó fi pa mọ́. Kò sí ẹ̀rín kankan níbẹ̀. Mo gbé ọwọ́ kúrò lórí bọ́tìnnì.

"Ọmọ Kẹ́mta ni, Bàbá."

"Kẹ́mta tiwa níbí? Ṣé ó ṣì wà láyé?"

"Ó wà."

"Ọlọ́run ṣeun. Bó o bá rí i, bá mi kí i. Sọ fún un pé mo gbọ́ ohun tó ṣe."

Mo ní màá sọ fún un.