Wọ́n Ní Alàgbà Olúyọmí Ló Jẹ̀bi Ikú Ara Rẹ̀

Alàgbà Olúyọmí kú láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, lójú ọ̀nà Harlow Ford ní Texas níbí, níbi tó ti ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan ló gbá a. Inú koríko ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà la ti rí Bíbélì rẹ̀, koríko tó ga dé ìbàdí àgbàlagbà. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì ò tíì ṣú tí ìjọba ìlú fi gbé ọ̀rọ̀ jáde: ẹlẹ́sẹ̀ tó kú náà ló jẹ̀bi, torí ojú ọ̀nà mọ́tò ló ń rìn. Ó parí. Wọ́n ti dá òkú lẹ́jọ́, òkú ò sì lè pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn.

Ẹ jọ̀ọ́, ibo ni kó rìn? Ṣé inú koríko tí ejò ń gbé ni, àbí kó fò?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ọ̀nà yẹn mọ̀ pé kò ní iná, kò sì ní ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tí wọ́n ń pè ní sidewalk. Adéfọlá, ọmọ Alàgbà, tó mú un wá láti Ìgbòho lẹ́yìn tí ìyàwó Alàgbà kú, ń ṣiṣẹ́ ní pápákọ̀ òfuurufú nítòsí Euless. Tó bá di ọjọ́ Ìsinmi, òun àti mọ́tò rẹ̀ ti kúrò nílé kí àwa tó jí. Nítorí náà la ṣe máa ń fẹsẹ̀ rìn, Alàgbà, àti Màmá Bùnmi pẹ̀lú èmi, aládùúgbò rẹ̀ méjèèjì. Alàgbà kì í jẹ́ ká rìn lápá ibi tí mọ́tò ń gbà.

“Ẹ bọ́ sínú,” á ní. “Ẹran ara tèmi ti yi, mọ́tò ò lè jẹ ẹ́.”

Màmá Bùnmi á dá a lóhùn pé, “Bàbá, ẹ̀yin lẹ sọ bẹ́ẹ̀ o! Mọ́tò ibí ò mọ ẹran tó yi yàtọ̀ sí èyí tó rọ̀.”

A ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló ń dùn mí jù báyìí.

Nígbà tí òtútù lọ lọ́dún yìí, tí koríko bẹ̀rẹ̀ sí í ga, Alàgbà ní kí Adéfọlá gbé òun lọ sí ìlú Allen, ó sì ra àdá níbẹ̀. Ní Ìgbòho, ẹni tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ló ń yẹ ọ̀nà. Èèyàn kì í jókòó sílé kó máa retí ìjọba. Ó rò pé bẹ́ẹ̀ náà ni níbí. Ó yẹ̀nà náà, ó gún régé, ó mọ́. Fún ìgbà díẹ̀, a rìn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì láìbojú wẹ̀yìn.

Àfi bí ẹnì kan nínú àwọn ilé ńlá tó wà létí ọ̀nà náà ṣe pe ọlọ́pàá: ẹ wá wo bàbá aláwọ̀ dúdú kan tó mú ọ̀bẹ gígùn dání o! Ọlọ́pàá dé. Èmi ni mo ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ láàárín wọn.

“Ta ló rán yín níṣẹ́?”

“Ọ̀gá, ọ̀nà ló rán mi.”

“Ọ̀nà ìjọba nìyí, bàbá.”

“Ìjọba ọ̀hún dà? Láti ọjọ́ tí mo ti dé ni mo ti ń wò ó, mi ò rí i.”

Ọlọ́pàá náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó gba àdá. Ó ní tí òun bá tún rí Alàgbà níbẹ̀, ó di ilé ẹjọ́. Adéfọlá pe ọ́fíìsì ìlú. Jessica kan tó gbé fóònù sọ pé iṣẹ́ county, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀ tó yí ìlú ká, ni koríko yẹn. County ní iṣẹ́ ìlú ni. Koríko ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn ní tiẹ̀. Ó ń hù lọ. A padà sójú títì, Alàgbà sì padà sápá ibi tí mọ́tò ń gbà.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó ń bí mi nínú. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀nà kan náà, wọ́n ri irin kan tí wọ́n kọ̀wé sí mọ́lẹ̀, tí wọ́n fi ń yin àwọn tó la ọ̀nà náà nígbà tí gbogbo ibí ṣì jẹ́ igbó. Lọ́dọọdún ni àwọn ará ìlú ń dé fìlà ńlá bíi tàwọn ará ìgbàanì yẹn, tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún wọn níbẹ̀. Mo lọ sí ilé ìkàwé lọ wo bí wọ́n ṣe là á. Òfin Texas nígbà náà ni pé kí ọkùnrin tó bá ń gbé nítòsí ọ̀nà gbé àáké àti ọkọ́ jáde wá tún un ṣe. Ẹni tí kò bá wá, wọ́n á bu owó ìtanràn lé e. Àwọn ẹrú náà ṣe é, ọ̀gá wọn ló ń rán wọn, kò sì sẹ́ni tó kọ orúkọ tiwọn sára irin. Ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ní alábòójútó tirẹ̀, ẹnì kan ṣoṣo, tí gbogbo àdúgbò mọ̀. Bí ọ̀nà bá bàjẹ́, òun ni wọ́n ń gbé lọ sílé ẹjọ́.

Ohun tí àwọn baba wọn ì bá torí ẹ̀ gbowó ìtanràn lọ́wọ́ Alàgbà tí kò bá ṣe é, òun náà ni àwọn ọmọ torí ẹ̀ gba àdá lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó ṣe é. Ṣé wọ́n fẹ́ràn àwọn tó la ọ̀nà lóòótọ́, àbí fìlà wọn nìkan ni wọ́n fẹ́ràn?

Ìgbìmọ̀ ìlú yóò jókòó lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun yìí. Adéfọlá ń lọ, Màmá Bùnmi ń lọ, èmi náà ń lọ, mo sì ń bẹ gbogbo ẹni tó bá ka èyí kó wá. Ká tó gbọ́ ìkíni-kú-ará-fẹ́-ra-kù kankan, kí wọ́n kọ́kọ́ mú ẹ̀bi kúrò lọ́rùn òkú, ní gbangba, bí wọ́n ṣe kà á sí i lọ́rùn ní gbangba. Lẹ́yìn náà, kí ẹnì kan tó ní orúkọ dìde, kì í ṣe ọ́fíìsì, kì í ṣe ẹ̀ka, kó wo ojú Adéfọlá, kó ní, “Ọwọ́ mi ni ọ̀nà yẹn wà. Èmi ni mi ò gé koríko náà.” Bí kò bá sẹ́ni tó dìde, àwa náà ò ní dìde kúrò níbi tá a bá jókòó sí.