Eré Tí Mi Ò Sá

Ẹgbẹ́ eré ìdárayá tó so àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì agbègbè wa lókè òkun níbí pọ̀ ti ń tú ká. Àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ńlá ti kó lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ìwọ̀nba tó ṣẹ́kù sì fẹ́ kọ ìtàn ẹgbẹ́ náà kó tó parẹ́. Wọ́n ní kí n wá wo fíìmù àtijọ́ kan ní ọ́fíìsì wọn ní àdúgbò Uptown, torí pé èmi ni mo ṣì ni rẹ́kọ́ọ̀dù irinwó mítà. Inú mi ò dùn rárá. Mo mọ̀ pé èmi kọ́ ni mo sá eré yẹn.

Iṣan itan mi ló já lọ́sẹ̀ ìdíje. Bí mi ò bá sáré, sikọ́láṣíìpù mi ti lọ nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n kan láti ìlú wa nílé, tí wọ́n ti lo ọdún mẹ́rin tí òfin gbà kí eléré kọ́lẹ́ẹ̀jì fi díje tán, ló wọ ẹ̀wù mi, tí wọ́n sá eré náà lórúkọ mi. Ẹ̀gbọ́n náà ní kí n jókòó jẹ́ẹ́. Kóòṣì wa, òyìnbó tó gbà pé ojú kan náà ni gbogbo àwa aláwọ̀ dúdú ní, ò fura. Lóṣù tó tẹ̀ lé e, ẹ̀gbọ́n náà kú nínú jàǹbá ọkọ̀, ìyàwó wọn sì wà nínú oyún.

Ọmọbìnrin tí wọ́n fi oyún rẹ̀ bí ti di dókítà ní Fulshear, ìlú kékeré kan nítòsí wa. Mo mú un dání, mi ò sọ ìdí rẹ̀ fún un. Bí mo bá jẹ́wọ́, rẹ́kọ́ọ̀dù náà parẹ́. Bí mi ò bá jẹ́wọ́, yóò wo bàbá rẹ̀ tí kò rí rí, yóò sì rò pé èmi ni. Ẹ̀rù bà mí, ojo ni mí.

Obìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì náà fa kọ́tìnì dí oòrùn ọ̀sán, ó tan fíìmù sára ògiri. Fíìmù náà ò ní ohùn. Ẹ̀gbọ́n náà jáde sára ògiri, nọ́ńbà mi láyà wọn, wọ́n kéré lọ́jọ́ orí sí ọmọ wọn tó jókòó tì mí. Bí wọ́n ṣe yí igun, wọ́n kọjú sí wa gan-an, wọ́n rẹ́rìn-ín. Irun ara mi dìde. Obìnrin ọ́fíìsì náà pàtẹ́wọ́ fún mi.

Ọmọ náà ò pàtẹ́wọ́. "Uncle, bí ọmọ mi ṣe máa ń sáré nìyẹn. Ta nìyẹn?"

"Bàbá ẹ ni," mo wí.

Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀. Obìnrin náà ní òun á pa orúkọ mi rẹ́, àmọ́ òfin ò gbà kí òun kọ ti ẹ̀gbọ́n náà síbẹ̀, torí ọdún mẹ́rin wọn ti pé. Ọmọ náà ò gbọ́ tirẹ̀. Ó ní kó tún gbé fíìmù náà sí i. Nígbà tí bàbá rẹ̀ tún yọ lára ògiri, ó dìde, ó kúnlẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì, ó ní, "Ẹ káàsán, sà."