Ìpèlé Tí Màmá Mi Tú Fún Mi ní Dubai

Ẹ má bínú sí ọwọ́ ìkọ̀wé mi, mi ò kàwé púpọ̀.

Bí mo bá ti gbóòórùn tùràrí, ọjọ́ tí màmá mi mú mi rìn kiri Dubai, níbi tí a dé sọ́dọ̀ Àǹtí, ni mo máa ń rántí. A wo odi àtijọ́, a wọ ilé tí ihò gíga orí rẹ̀ ń fa afẹ́fẹ́ tútù wọlé. Ibẹ̀, níbi tí tùràrí ti ń ta sánsán, ló ti tú ìpèlé rẹ̀ bò mí.

"Mọ́mì, ṣé a tún máa wá lọ́la?"

"Ìwọ ọmọ yìí, ẹsẹ̀ ẹ kì í rẹ̀ ẹ́? Yalla, jẹ́ ká máa lọ, Àǹtí ń dúró dè wá nílé."

Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ìyá tó fẹ́ fi ọmọ sílẹ̀ ló ń fi aṣọ ara rẹ̀ sílẹ̀ fún un. Òru ọjọ́ yẹn ló padà sí Èkó, kò sì wá mọ́.

Nígbà tí mo jí láàárọ̀ ọjọ́ kejì tí mi ò rí i, mo da ìpèlé náà bora, mo wọ bàtà mi, mo lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà Àǹtí.